Iṣẹ́ kan náà, ìwé ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀: ìjà ti fẹ́ bẹ́ láàárín àwa àtijọ́ àti àwọn tuntun, ẹ gbà mí nímọ̀ràn

Bàbá Láìnì Kejì, Ọ̀tà

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń ka ìmọ̀ràn tí ẹ ń gba àwọn ẹlòmíì. Ó kàn mí lónìí.

Iléeṣẹ́ bísíkíìtì kan lọ́nà Ìdìrókò ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Ọdún kẹtàdínlógún mi nìyí. Nígbà tí mo wọlé, oṣù mẹ́fà ni wọ́n fi dán mi wò, wọ́n fún mi ní lẹ́tà, ó parí. Líìfù, káàdì ọsibítù, gírátúítì tí wọ́n ń san fúnni nígbà tí a bá ń kúrò lẹ́nu iṣẹ́, gbogbo ẹ̀ ló wà nínú lẹ́tà yẹn. Láti ọdún mélòó kan báyìí, wọn ò gba ẹnikẹ́ni bẹ́ẹ̀ mọ́, éjẹ́ǹtì ló ń kó èèyàn wá. Ní láìnì tí mò ń darí, àwa mọ́kànlá la ní lẹ́tà, àwọn mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n yòókù jẹ́ káṣúà, òṣìṣẹ́ éjẹ́ǹtì tí kò ní lẹ́tà. Ẹ̀rọ kan náà, ṣíìfù kan náà, ooru ààrò kan náà.

Tẹ́lẹ̀, a jọ máa ń ṣàwàdà. Nǹkan ti yí padà. Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun tó kọjá, bísíkíìtì há sẹ́nu ẹ̀rọ tó ń fi ọ̀rá wé e. Aago mẹ́ta òru nìyẹn. Mo ní kí ọmọkùnrin kan lára àwọn tuntun bá mi yọ ọ́, torí òun ló sún mọ́ ọn jù. Ó wò mí lójú, ó ní, "Bàbá, ẹ jẹ́ kí ẹni tó ní gírátúítì lọ yọ ọ́." Àwọn yòókù bú sẹ́rìn-ín. Èmi fúnra mi ni mo yọ ọ́. Ọwọ́ mi ń gbọ̀n, kì í sì í ṣe ẹ̀rọ ló ń bà mí lẹ́rù.

Àwa náà ò mọ́ o. Ọ̀gbẹ́ni kan wà lára wa tó jẹ́ pé òun nìkan ló mọ bí wọ́n ṣe ń to ẹ̀rọ tó ń tẹ déètì sára ọ̀rá. Bó bá fẹ́ tò ó, á fi ẹ̀yìn bo ojú ẹ̀rọ náà bí ẹni tó ń tẹ nọ́ńbà ìkọ̀kọ̀ ní bánkì. Ó ní ọjọ́ tí káṣúà bá mọ̀ ọ́n ni wọ́n máa ní kí òun máa lọ sílé. Ti oúnjẹ ńkọ́? Tíkẹ́ẹ̀tì pupa làwa ń gbà, ìrẹsì tòun tẹran. Àwọn á lọ ra gàrí lẹ́nu géètì, wọ́n á jẹ ẹ́ lórí páálí. Ẹnìkan nínú wa tún ti sọ fún wọn pé kí wọ́n má jókòó sórí àga wa.

Èmi kọ́ ni mo kọ ìwé wọn. Ṣùgbọ́n èmi ni mò ń dúró níwájú wọn láti aago mẹ́wàá alẹ́ di aago mẹ́fà àárọ̀. Kí ni kí n ṣe?

Ìyá Mọ́yọ̀

Ẹ kú àforítì, Bàbá. Mo gbọ́ tiyín, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí ẹni tó ń jẹun lórí páálí náà sọ̀rọ̀.

Iléeṣẹ́ tó ń ṣe ike ni mo wà, ọdún kẹrin rè é. Bí oṣù bá ti pé mọ́kànlá, wọ́n á gba káàdì ọrùn wa, wọ́n á ní ká lọ sinmi. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, éjẹ́ǹtì á pè: "Ìyá Mọ́yọ̀, ẹ máa bọ̀ o." Wọ́n á fún mi ní nọ́ńbà tuntun, bí ẹni pé wọn ò rí mi rí. Nọ́ńbà mẹ́rin ni mo ti jẹ́ níléeṣẹ́ kan ṣoṣo. ₦2,500 lójúmọ́, ọjọ́ 26 lóṣù. Ọjọ́ tí àìsàn bá dá mi gúnlẹ̀, kọ́bọ̀ ò wọlé. Nígbà tí mo lóyún Mọ́yọ̀, ófáròọ̀lù ọkùnrin tó tóbi jù ni mo lọ gbà ní sítọ̀ kí wọ́n má baà rí ikùn mi. Ó pé oṣù keje kí súpáfáísọ̀ tó fura. Nígbà tí ilẹ̀ ọjọ́ kejì mọ́, orúkọ mi ti kúrò nínú ìwé. Ìgbà tí mo já ọmọ lẹ́nu ọmú ni mo tó padà lọ bẹ̀bẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó ń dun àwọn ọmọ yẹn. Gírátúítì kọ́. Mélòó nínú wọn ló mọ iye tó jẹ́? Àga yẹn ni. Ọ̀gá tó kọ ìwé wa, a kì í rí i. Ẹni tó ní ká dìde lórí àga, ojoojúmọ́ là ń rí i. Lọ́dọ̀ tiwa, wọn kì í pè wá lórúkọ. "Káṣúà, gbé báàgì yẹn." "Káṣúà méjì, ẹ wá." Ọmọkùnrin tó dá yín lóhùn yẹn, kí lorúkọ ẹ̀? Ẹ ò kọ ọ́ síbí. N ò mọ̀ bóyá ẹ fẹ́ bò ó láṣìírí ni, àbí ẹ ò mọ̀ ọ́n.

Bàbá Láìnì Kejì, Ọ̀tà

Ìyá Mọ́yọ̀, ẹ mú mi. N ò mọ̀ ọ́n. Yẹ́lò là ń pè é torí ó pupa.

Àgbà Ọ̀jẹ̀, Ìkẹjà

Ẹ má jẹ́ kí wọ́n fi ẹkún bò yín lójú o, Bàbá. 1994 ni èmi wọṣẹ́. Ọdún méjì gbáko ni mo fi ru àpò ìyẹ̀fun, n ò sì gbó àgbà lẹ́nu rí. Ọwọ́ ọmọdé ò tó pẹpẹ, tàgbà ò wọ kèrègbè. Kí àwọn náà mú sùúrù. Tí ẹ bá gba irú ẹ̀ láyè lẹ́ẹ̀kan, lọ́la wọ́n á ní kí ẹ lọ pọn omi fáwọn.

Ọmọ Agbára

Ẹ̀gbọ́n, ẹ ru àpò fún ọdún méjì, wọ́n fún yín ní lẹ́tà. Àwọn yìí ń ru tiwọn, kò sí lẹ́tà kankan lẹ́yìn ẹ̀. Wọ́n ti gbé pẹpẹ yẹn lọ tipẹ́, kèrègbè nìkan ló kù.

Àgbà Ọ̀jẹ̀, Ìkẹjà

Ọmọ yìí bú mi.

Ọmọ Agbára

Ẹ má bínú, sà. Mo dọ̀bálẹ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ mi ò yí o.

Bàbá Lébọ̀

Ọ́fíìsì ìjọba tó ń rí sí ọ̀rọ̀ iṣẹ́ ni mo ti fẹ̀yìn tì. Ẹ jẹ́ ká jọ tú ìwé wò díẹ̀. Ọ̀rọ̀ mi á gùn, ẹ fara dà á.

Káṣúà kì í ṣe orúkọ tí wọ́n kàn lè fi lé èèyàn jáde nínú òfin. Òfin Iṣẹ́ tí a ń lò láti 1974 ka àdéhùn ẹnu sí àdéhùn. Abala 7 ní kí oṣù mẹ́ta tó kọjá, ẹni tó gba èèyàn síṣẹ́ gbọ́dọ̀ fún un ní ìwé tó sọ orúkọ agbanisíṣẹ́, irú iṣẹ́ tó ń ṣe, iye owó ẹ̀, ìgbà tí wọ́n á máa san án, wákàtí tó ń ṣe àti ìsinmi ẹ̀. Nítorí náà, kí àwọn ọmọ yẹn tó bèèrè gírátúítì, ìwé yìí ni kí wọ́n kọ́kọ́ bèèrè. Kò ná ẹnikẹ́ni lówó, ó sì ṣòro fún éjẹ́ǹtì láti sọ pé òun ò lè kọ ọ́. Ẹ tún bi éjẹ́ǹtì pé níbo ni ìwé àṣẹ ẹ̀ wà, torí ìjọba ló ń fún ẹni tó bá ń kó òṣìṣẹ́ fún iléeṣẹ́ ní àṣẹ. Ọ̀pọ̀ éjẹ́ǹtì ni ara ẹ̀ máa ń rọ̀ bó bá gbọ́ ìbéèrè yẹn.

Ìyá Mọ́yọ̀, mo ṣírò tiyín. ₦2,500 lọ́nà 26, ₦65,000 ni. Owó oṣù tó kéré jù lábẹ́ òfin 2024 jẹ́ ₦70,000. Òfin náà yọ àwọn ibì kan sílẹ̀, bí ibi tí òṣìṣẹ́ ò bá tó 25, ṣùgbọ́n iléeṣẹ́ tó ń fi ṣíìfù mẹ́ta ṣe ike kò sí lára wọn. Ti oṣù mọ́kànlá yẹn ńkọ́? Abala 18 ló sọ pé ẹni tó bá ti ṣiṣẹ́ oṣù méjìlá láì dáwọ́ dúró ní ẹ̀tọ́ sí ìsinmi ọjọ́ iṣẹ́ mẹ́fà, ó kéré tán, pẹ̀lú owó. Ẹ̀yin náà ẹ wo ibi tí wọ́n ti ń gé e. Ẹ tọ́jú gbogbo káàdì ọrùn yín, tí wọ́n bá sì fẹ́ gbà á, ẹ ya fọ́tò ẹ̀ kí ẹ tó dá a padà. Ẹ tọ́jú àlàáàtì bánkì náà. Láti ìgbà tí wọ́n ti tún òfin ilẹ̀ wa ṣe ní 2011, Ilé-ẹjọ́ Òṣìṣẹ́ ti láṣẹ láti wo bóyá ìwà tí wọ́n ń hù sí òṣìṣẹ́ bójú mu, kì í ṣe orúkọ tí wọ́n ń pè é nìkan. Nọ́ńbà mẹ́rin tí ẹ ti jẹ́ yẹn, ẹ̀rí ni.

Ti oyún: abala 54 fún obìnrin ní ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ṣáájú ìbímọ, pẹ̀lú ìwé dókítà, àti ọ̀sẹ̀ mẹ́fà lẹ́yìn ẹ̀. Bó bá ti lo oṣù mẹ́fà lẹ́nu iṣẹ́, ó kéré tán, ìdajì owó ẹ̀ gbọ́dọ̀ máa wọlé. Bó bá padà dé, ó ní ìdajì wákàtí lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́ láti fún ọmọ lọ́mú. Ó dùn mí pé kò sẹ́ni tó sọ fún yín nígbà yẹn.

Ti ìfarapa: Òfin Ìsanpadà fún Òṣìṣẹ́ ti 2010 dárúkọ káṣúà kedere lára àwọn tó bò. Tí ẹ̀rọ bá gé ọmọ yẹn lọ́wọ́, ọjọ́ méje ni agbanisíṣẹ́ ní láti fi tó NSITF, àjọ ìjọba tó ń rí sí owó ìsanpadà yẹn, létí. Bàbá Láìnì, ẹ̀yin lẹ wà nídìí ìwé ìjàǹbá. Orúkọ tó pé ni kí ẹ kọ síbẹ̀. Ẹ má kọ "káṣúà kan".

Ó wá ku ọ̀kan tó kan ẹ̀yin àtijọ́ gan-an. Abala 20 ní tí iléeṣẹ́ bá fẹ́ dín òṣìṣẹ́ kù, kí wọ́n sọ ìdí ẹ̀ fún ẹgbẹ́, kí ẹni tó dé gbẹ̀yìn sì kọ́kọ́ lọ, láàárín àwọn tó ń ṣe irú iṣẹ́ kan náà, tí wọ́n bá ti wo ìmọ̀ọ́ṣe àti bí a ṣe lè gbára lé kálukú. Ìlà yẹn ló ń dáàbò bo ọdún mẹ́tàdínlógún yín. Ta ló dé gbẹ̀yìn ní láìnì yín?

Bàbá Láìnì Kejì, Ọ̀tà

Àwọn káṣúà ni. Ṣé àwọn la máa kọ́kọ́ kà nìyẹn?

Bàbá Lébọ̀

Iléeṣẹ́ á sọ fún yín pé òṣìṣẹ́ éjẹ́ǹtì ni wọ́n, wọn ò sí nínú ìwé àwọn. Ẹ̀yin mọ́kànlá nìkan lẹ wà lórí ìlà. Ẹni tó dé gbẹ̀yìn nínú ẹ̀yin mọ́kànlá ló máa kọ́kọ́ lọ, àwọn mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n á sì wà nídìí ẹ̀rọ lọ́jọ́ kejì. Ọ̀gbẹ́ni tó ń fi ẹ̀yìn bo ẹ̀rọ déètì rò pé ìmọ̀ káṣúà ló máa lé òun. Ìwé tí wọn ò fún káṣúà ló yẹ kó máa bẹ̀rù.

Àǹtí Péyìróòlù

Bàbá Lébọ̀ ò parọ́. Mo ti jókòó sí irú ìpàdé bẹ́ẹ̀, níléeṣẹ́ tí mo ti kúrò báyìí.

Lórí kọ̀ǹpútà mi, òṣìṣẹ́ tó ní lẹ́tà wà lójú ewé kan, orúkọ wà níwájú owó kọ̀ọ̀kan. Owó tí à ń san fún éjẹ́ǹtì ò sí níbẹ̀ rárá. Ó wà lójú ewé kejì, lábẹ́ owó dísù, lókè owó ilé gbígbá. Ìlà kan ṣoṣo ni, kò lórúkọ èèyàn. Bí wọ́n bá ní kí a dín ìnáwó lórí òṣìṣẹ́ kù, ojú ewé tó ní orúkọ la máa ń ṣí. Ẹ̀rù tó ń ba àwọn àtijọ́ kì í ṣe àsọdùn. Ibi tí wọ́n ń wò ni ò tọ́.

Ìmọ̀ràn tèmi fún àwọn tó ní lẹ́tà: ẹ lọ ka ìwé yín dáadáa. Òfin owó ìfẹ̀yìntì ti 2014 ló sọ dandan péńṣàn fún iléeṣẹ́ aládàáni tó ní òṣìṣẹ́ 15 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ: ìdá 10 nínú ọgọ́rùn-ún láti ọ̀dọ̀ agbanisíṣẹ́, ìdá 8 láti ọ̀dọ̀ òṣìṣẹ́. Gírátúítì ò sí nínú dandan yẹn ní tiwa aládàáni. Ohun tí ẹ bá bá wọn ṣàdéhùn ni. Ẹ bèèrè, ní kíkọ sílẹ̀, pé mélòó ló ti jẹ́ títí di òní. Ibi púpọ̀ ni òṣìṣẹ́ ti ń fi gírátúítì yangàn, tí wọ́n ti dá kíka ọdún dúró láìsọ fún un.

Ọmọ Ìjẹ̀bú

Lọ́dọ̀ tiwa ní ọ́fíìsì, òdìkejì ni. Ọdún mẹ́sàn-án ni mo ti lò, ọmọ tí mo kọ́ ní iṣẹ́ ló ń gba ju mi lọ. Mo rí ìwé owó ẹ̀ lórí ẹ̀rọ ìtẹ̀wé. N ò tíì lè kí i tọ̀yàyàtọ̀yàyà láti ọjọ́ náà.

Àǹtí Péyìróòlù

Pẹ̀lẹ́ o. Òun kọ́ ló rán ẹ níṣẹ́ ọdún mẹ́sàn-án. Owó ọjà lónìí ni wọ́n fi gbà á, owó ọjọ́ tí o wọlé ni wọ́n ṣì ń fi kún tìẹ díẹ̀díẹ̀. Tí o bá lọ bá ọ̀gá, má dárúkọ ọmọ yẹn, má sì dárúkọ ẹ̀rọ ìtẹ̀wé. Ohun tí ò ń ṣe tí kò sí nínú lẹ́tà ìgbà tí o wọlé ni kí o kó lọ síwájú ẹ̀, kí o wá sọ iye tí o fẹ́. Tó bá kọ̀, o ti mọ ibi tí o dúró sí. Kí ọmọ yẹn o jàre, ẹ̀bi ẹ̀ kọ́.

Kọ́lá Fítà

Ẹ jẹ́ kí n dá sí ti ẹ̀rọ déètì yẹn, irú ẹ̀ ni mò ń tún ṣe.

Ẹni tó ń fi ẹ̀yìn bò ó ń tan ara ẹ̀ jẹ. Ìwé ìlò ẹ̀ wà nínú dúrọ́ọ̀ ní sítọ̀, ọmọ tó bá sì ní dátà á rí bí wọ́n ṣe ń tò ó lórí YouTube kó tó mu gàrí ẹ̀ tán. Ohun tí kò sí lórí YouTube ni etí ẹ̀. Ìró tí bẹ́ríìnì ẹ̀rọ máa ń ṣe kó tó há. Bí ọ̀rá ṣe máa ń fà nígbà ọ̀yẹ́ tó jẹ́ pé o ní láti dín ooru kù díẹ̀ kó má baà ya. Ogún ọdún ló ń gbé ìyẹn sáyé, kò sì sẹ́ni tó lè yọjú wò ó láti ẹ̀yìn.

Ohun tí èmi ṣe rè é. Ní 2019, ọ̀gá mi ní kí n kọ́ káṣúà méjì ní iṣẹ́ mi. Ẹ̀rù bà mí. Mo ní mo gbà, ṣùgbọ́n kí wọ́n kọ ọ́ sínú fáìlì mi pé olùkọ́ iṣẹ́ ni mí, kí wọ́n sì fi nǹkan kún owó mi. Owó tí wọ́n fi kún un ò tó ra bàtà, àmọ́ ó wà nínú fáìlì. Mo tún ní kí wọ́n fún àwọn ọmọ méjèèjì ní ìwé pé wọ́n ti kọ́ ọ. Ọ̀kan ti lọ, iṣẹ́ tó sàn wà lọ́wọ́ ẹ̀ ní Ṣàgámù. Ó ṣì máa ń pè mí tí ẹ̀rọ bá yọ ọ́ lẹ́nu. Ẹ fún ọ̀gbẹ́ni yẹn ní ọ̀nà tó máa fi jèrè níbi kíkọ́ni, á kúrò níwájú ẹ̀rọ.

Ẹ̀gbá ní Lọ́ńdọ̀nù

Kì í ṣe Nàìjíríà nìkan o. Ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó ni mo ti ń ṣiṣẹ́ níbí. Káńsù ló ni ilé náà tẹ́lẹ̀, kí wọ́n tó gbé e fún aládàáni. Òfin 2006 kan wà tó ní kí àdéhùn àwọn tó ti wà níbẹ̀ tẹ̀ lé wọn lọ sọ́dọ̀ ọ̀gá tuntun. Nítorí náà, àwọn ìyá tó ti wà láti ayé káńsù ń gba owó ìlọ́po lọ́jọ́ Àìkú. Àwa tá a dé lẹ́yìn, owó ọjọ́ lásán là ń gbà. Máníjà wá bẹ̀rẹ̀ sí í fi Àìkú sí orí àwa tuntun, torí a kò wọ́n. Àwọn ìyá yẹn ò bá wa sọ̀rọ̀ mọ́. Wọ́n ní a wá gba oúnjẹ lẹ́nu àwọn. Àwa náà ní a fẹ́ lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ Àìkú, ta ló bèèrè ẹ̀?

Ibi tíì ni ọ̀rọ̀ ti tú. Màmá ará Jàmáíkà kan ló pọn omi tíì, ó da rósítà, ìwé tó ń sọ ọjọ́ iṣẹ́ kálukú, sílẹ̀, ó ní kí kálukú sọ Àìkú tó fẹ́ àti èyí tí kò fẹ́. A rí i pé ohun tí à ń jà lé lórí, a ò tilẹ̀ fẹ́ ẹ. A jọ kọ rósítà tiwa, a gbé e fún máníjà. Ó kọ́kọ́ yí i padà, ó tún dá a padà nígbà tí ẹni márùn-ún ò gbà láti wá lọ́jọ́ tó fi sí i.

Fún àwọn tó wà lábẹ́ éjẹ́ǹtì níbí: láti October 2011, tí o bá ti lo ọ̀sẹ̀ 12 lẹ́nu iṣẹ́ kan náà lọ́dọ̀ iléeṣẹ́ kan náà, owó wákàtí rẹ àti ìsinmi rẹ gbọ́dọ̀ bá ti ẹni tí wọ́n gbà tààrà mu. Kántíìnì ò nílò ọ̀sẹ̀ 12, láti ọjọ́ kìíní ni. Mo rántí èyí nígbà tí mo ka ti tíkẹ́ẹ̀tì pupa.

Ará Àjàṣẹ́

Lọ́dọ̀ tiwa ní Bẹ̀nẹ̀, CDI ni wọ́n ń pe ìwé àwọn àtijọ́, CDD ni ti àwọn tuntun, èyí tó lọ́jọ́ tó máa tán. Òfin 2017 ló jẹ́ kí wọ́n lè máa tún CDD ṣe láìlópin. Àbúrò mi ti fọwọ́ sí tiẹ̀ lẹ́ẹ̀méje. Ó ní òun ti mọ bí ọ̀rọ̀ inú ẹ̀ ṣe lọ lórí bí Bàbá Wa Tí Ń Bẹ Lọ́run.

Akọ̀wé Ẹ̀ka

Mo jẹ́ akọ̀wé ẹ̀ka ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ níléeṣẹ́ tó ń ṣe ohun mímu. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ jẹ́wọ́: àwa náà jẹ̀bi. Ọdún púpọ̀ la fi ń sọ pé káṣúà kì í san owó ẹgbẹ́, kí ló kàn wá pẹ̀lú wọn? Nígbà tí a wá dáṣẹ́ sílẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta nítorí owó oṣù, àwọn ni iléeṣẹ́ fi ṣiṣẹ́. Ẹ̀rọ ò dúró fún wákàtí kan. A pè wọ́n ní ọ̀dàlẹ̀. Ọ̀kan nínú wọn bi mí léèrè lẹ́nu géètì pé, "Ẹ̀gbọ́n, ìgbà wo lẹ pè wá ká tó dalẹ̀?" N ò rí èsì.

Abala 40 nínú òfin ilẹ̀ wa ti 1999 fún gbogbo èèyàn lẹ́tọ̀ọ́ láti wà nínú ẹgbẹ́, kò sì ní kó kọ́kọ́ gba lẹ́tà. Bàbá Láìnì, ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń ṣe bísíkíìtì, NUFBTE, ẹgbẹ́ àwọn òṣìṣẹ́ oúnjẹ, ohun mímu àti tábà, ni tiyín. Ẹ má lọ bá ọ̀gá ní ẹ̀yin nìkan. Ẹ kọ orúkọ gbogbo ẹni tó ti lé lọ́dún kan, ọjọ́ tó kọ́kọ́ wọlé àti ẹ̀rọ tó ń lò, kí ẹ̀ka gbé e lọ síbi ìdúnàádúrà tó ń bọ̀ pé kí wọ́n máa gba iye kan wọlé lọ́dọọdún. Ẹ má bèèrè gbogbo mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n lẹ́ẹ̀kan náà, wọ́n á kàn rẹ́rìn-ín ni. Ẹ má sì jẹ́ kí ọmọ kankan lára wọn gbé ìwé náà lọ fúnra ẹ̀ o! Ẹni tí wọ́n lè fi fóònù lé lọ kì í ṣe iwájú ogun. Ẹ̀yin tí wọ́n gbọ́dọ̀ kọ lẹ́tà sí kí wọ́n tó lé yín ni kó wà níwájú.

Àgbà Ọ̀jẹ̀, Ìkẹjà

Èyí tí akọ̀wé sọ gbẹ̀yìn yìí, mo fara mọ́ ọn. Ọ̀rọ̀ pọn omi fáwọn yẹn, mo mú un kúrò.

Ọmọ Agbára

Ẹ ṣé, sà.

Bàbá Láìnì Kejì, Ọ̀tà

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Ọ̀sẹ̀ kẹfà rè é tí mo ti wá síbí gbẹ̀yìn. Mo ní kí n wá jábọ̀.

Ìdòwú lorúkọ ẹ̀. Ó ka iṣẹ́ ẹ̀rọ dé OND ní Ìlaròó. Mo bi í léèrè nígbà tí a fẹ́ pààrọ̀ ṣíìfù, ó rò pé mo fẹ́ fẹjọ́ ẹ̀ sùn ni.

Ti àga rọrùn ju bí mo ṣe rò lọ. Mo kàn gbé àwo ìrẹsì mi lọ jókòó sórí páálí lọ́dọ̀ wọn lálẹ́ ọjọ́ méjì. Lálẹ́ kẹta, wọ́n ní kí n dìde, ara páálí wọn ti ń bàjẹ́, a sì jọ lọ jókòó sórí àga. Ẹni tó lé wọn níjọ́sí wò wá, ó gbé fóònù ẹ̀. Tíkẹ́ẹ̀tì ò tíì bọ́ sí i o. Kántíìnì ní àwọn ò rí i nínú ìwé.

Ti ẹ̀rọ déètì, ìmọ̀ràn Kọ́lá Fítà ò ṣiṣẹ́ lákọ̀ọ́kọ́. Ọ̀gbẹ́ni náà ní òun ò ṣe tíṣà. Ibà wá dá a gúnlẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ kan, kò sẹ́ni tó lè tò ó, a tẹ déètì àná sára páálí tó lé ní irinwó kí ẹnikẹ́ni tó rí i. Gbogbo wa, tó ní lẹ́tà àti tí kò ní, la jọ jókòó sílẹ̀ tí à ń tú páálí títí aago mẹ́jọ àárọ̀. Máníjà pè é. Ó wá bèèrè lọ́wọ́ mi pé kí lẹ ní kí òun bèèrè fún. Mo fi ọ̀rọ̀ Kọ́lá hàn án lórí fóònù. Wọ́n ṣì ń ronú sí i, ṣùgbọ́n ó ti ń dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ báyìí dípò iwájú ẹ̀.

Ti orúkọ kíkọ: mọ́kàndínlógún nínú mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ló ti lé lọ́dún kan. Mẹ́sàn-án péré ló gbà kí n kọ orúkọ àwọn. Ẹ̀rù ń ba àwọn yòókù, n ò sì dá wọn lẹ́bi. Nínú àwa mọ́kànlá, méje ti fọwọ́ sí i. Ìdòwú wà lára àwọn mẹ́sàn-án. Ó bi mí pé mélòó ni gírátúítì mi gan-an. Mo sọ fún un, torí mo ti lọ bèèrè bí Àǹtí Péyìróòlù ṣe ní kí n ṣe. Ó dákẹ́ díẹ̀, ó ní, "Ìyẹn náà nìyí, Bàbá? Ọdún mẹ́tàdínlógún?" N ò mọ̀ bóyá kí n rẹ́rìn-ín tàbí kí n bínú.

Ẹ̀ka ti gba orúkọ náà. Ti ìwé abala 7, éjẹ́ǹtì ní "lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀" fún ọ̀sẹ̀ mẹ́rin. Bàbá Lébọ̀, ẹ jọ̀wọ́, ṣé ẹ lè bá mi fi àpẹẹrẹ lẹ́tà sí ọ́fíìsì iṣẹ́ ní Abẹ́òkúta ránṣẹ́?

Bàbá Lébọ̀

Mo ti fi sí àpótí yín. Ẹ̀dà méjì ni kí ẹ gbé lọ. Ẹ má fún wọn ní èkejì o, kí wọ́n lu òǹtẹ̀ sí i, kí wọ́n kọ déètì ọjọ́ náà sí i, kí ẹ sì mú un padà wálé. Ọjọ́ Ẹtì ni kí ẹ má lọ.